Èmi Kọ́ Ni Mo So Òjò Mọ́lẹ̀

Tamale, Gánà.
Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Keje, Ọdún 1959.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn yìí, orúnkún mi méjèèjì ló wà nílẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tí ó ń dùn yín kí ẹ tó kúrò ní Tamale ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀? Ìyá mi ńkọ́, ṣé wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́ tí ọyẹ́ kó bá wọn? Ṣé Ìgbòho ń gbà yín mọ́ra bí ẹ ti ń ròyìn rẹ̀ fún wa nígbà tí a wà ní kékeré? Mo gbàdúrà kí Ọlọ́run Ọba fún yín ní àlàáfíà àti sùúrù tí ẹ ó fi ka lẹ́tà yìí dé òpin, nítorí ó gùn, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ẹ̀yin ni mo ń bínú sí. Ó kéré tán, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ kejì iléyá. Ẹ ní kí n lọ kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà abúlé Gurugu, kí n sọ pé mo ṣẹ̀, kí n tú ohun tí mo so, kí n fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, kí n sì kó ẹrù mi wọ lọ́rì wá bá yín nílé. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ẹ kọ òmíràn sí Bàbá Abdul-Ganiyu, olórí àwọn Yorùbá níbí, pé ẹ ń bá mi tọrọ àforíjì. Wọ́n kà á jáde létí gbogbo ènìyàn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo wà níbẹ̀, mo sì gbọ́ ọ. Nígbà tí mo délé, mo tún mú tèmi jáde, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ń wá ibi tí ẹ ti bi mí léèrè pé, "Wúlẹ̀mọ̀tù, ṣé o ṣe é?" N kò rí i. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè tí ẹ kò bèèrè. N kò ṣe é. Ẹ jókòó kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ fún yín, torí ẹnu ẹlòmíràn ni ẹ ti gbọ́ ọ.

Ẹ mọ̀ pé kíláàsì kìn-ín-ní ni mo ń kọ́, àwọn ọmọ tí eyín iwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká lẹ́nu wọn. Nígbà tí wọ́n fún mi ní kíláàsì náà, wọ́n fún mi ní ìwé kan fún iṣẹ́ ọwọ́. Ìwé náà ní kí n kọ́ àwọn ọmọ ní àkókò ọdún: ìgbà tí ewé ń pọ́n tí ó ń já bọ́, ìgbà tí yìnyín ń bo ilẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ ya òwú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà, kí wọ́n pè é ní yìnyín. Ní Tamale, Bàbá! Níbi tí ọyẹ́ ti ń la ètè ọmọ títí yóò fi ṣẹ̀jẹ̀! Mo pa ìwé náà dé, mo fi í ti ẹsẹ̀ tábìlì mi tí ó ń mì. Láti ọjọ́ náà ni tábìlì mi ti dúró dáadáa.

Mo gba àpò sìmẹ́ńtì tí ó ti ṣófo lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà, mo gbọ̀n wọ́n nù, mo lẹ̀ wọ́n pọ̀, mo fi bo ògiri kíláàsì láti igun dé igun. A pè é ní Ògiri Ọdún. Bí ojú ọ̀run Tamale ṣe pín ọdún ni èmi náà ṣe pín in: ọyẹ́, ooru, òjò, ìkórè. Nígbà ọyẹ́, a ń ta ògì gbígbóná sójú pépà, a ó gbé e sí ojú fèrèsé, afẹ́fẹ́ yóò gbé eruku rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ á wá fi ìka kọ orúkọ wọn sínú eruku náà. Ọmọ tí kò lè di kálàmù mú, Bàbá, ó fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ láìṣì. Nígbà ooru, a fi koríko hun abẹ̀bẹ̀ kéékèèké. Nígbà tí èso ẹmì bá pọ́n, tí àwọn ìyá wọn bá ti ń ṣà á láti fi ṣe òrí, a ń jẹ ara rẹ̀, a ń fi kóró rẹ̀ kọ́ ìṣirò. Ẹ wá wo ayọ̀ ọmọ tí ó ń jẹ ohun tí ó ń kà.

Ti òjò ni wọ́n fẹ́ràn jù. Mo lọ bá àwọn télọ̀ tí ń jókòó níwájú ìsọ̀ yín àtijọ́ ní ọjà, mo tọrọ àgékù aṣọ funfun lọ́wọ́ wọn. A fi àlùmọ́gàjí gé wọn bí ẹ̀kán òjò, a rẹ wọ́n sínú búlùú ìfọṣọ, a sá wọn gbẹ, a sì kó gbogbo wọn sínú agolo bisikíìtì kan. Òfin wa kò le: ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, ọmọ tí ó kàn yóò ṣí agolo, yóò mú ẹ̀kán kan, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ Ògiri Ọdún. Tí oṣù bá parí, a ó kà wọ́n. Oṣù wo ni òjò rọ̀ jù? Mélòó ni èyí fi ju tọ̀hún lọ? Bí wọ́n ṣe mọ àròpọ̀ àti àyọkúrò nìyẹn, láìsí ẹgba, láìsí igbe.

Lọ́dún yìí, òjò kò dé. Ó rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, gbogbo wa yọ̀, ojú ọ̀run wá tì pa. Jéró tí wọ́n gbìn hù, ó sì gbẹ. Wọ́n tún un gbìn, ó tún gbẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn ń ta bí ata, ọmọ kan tí ń jẹ́ Ìsá lọ ṣí agolo, ó lẹ ẹ̀kán kan mọ́ ògiri. Mo bi í léèrè pé òjò wo ni ó rí. Ó ní òun ń rán òjò létí ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin, ohun tí ojú wa bá rí nìkan ni a ń gbé sórí ògiri. Ìdérí agolo náà ti rọ̀. Mo fa òwú dúdú tí ó ṣẹ́kù nínú àpò mi yọ, èyí tí mo fi dirun lọ́jọ́ ìsinmi, mo wé e mọ́ agolo náà yíká, mo dì í gírígírí. Mo wá sọ fún gbogbo kíláàsì pé òjò wà nínú ibí, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ tú u títí èmi yóò fi ní kí ó tú u. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, Bàbá, n kò ní purọ́ fún yín. Bí a ṣe ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀ ni mo ṣe bá wọn sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn, Azara ni orúkọ rẹ̀, láti Gurugu ni ó ti ń wá. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú, bí Azara ṣe rí nìyẹn. Bàbá bàbá rẹ̀ ni Bàbá Mumuni, àgbẹ̀ ni, jéró rẹ̀ wà lára èyí tí ó gbẹ. Ní ọjọ́ náà, bàbá arúgbó yìí jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń wo òkè, ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ pé ta ni ó mú òjò lọ. Azara ní òun mọ ibi tí òjò wà. Ó ní ó wà nínú agolo Tíṣà, Tíṣà ti fi òwú dúdú dì í, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tú u. Bàbá arúgbó kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti dìde.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ náà ti dé ìdí kànga. Láti ìdí kànga ó dé ọjà. Wọ́n ní ọmọ Mọ̀múdù Aláṣọ, Yorùbá yẹn, ti fi òwú dúdú so òjò sínú agolo, kí oúnjẹ lè wọ́n, kí àwọn Yorùbá lè ta jéró tí wọ́n tọ́jú. Jéró wo? Ta ni nínú wa tí ó ń ta jéró? Aṣọ ni a ń tà, àwo tánganran ni a ń tà, àwa náà ń ra jéró tí a fi ń ro tùwó lọ́wọ́ wọn ni. Kò sí ẹni tí ó dúró ro èyí. Ebi tí ń bọ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn ronú.

Bàbá Mumuni kó àwọn àgbà mélòó kan lẹ́yìn, wọ́n wá sí ilé ìwé. N kò ní bu bàbá náà, torí kò bú mi. Èdè Hausa ni ó bá mi sọ kí n lè gbọ́ ọ yé, ó kí mi, ó béèrè àwọn ará ilé mi, ó béèrè yín pàápàá. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, a ò wá bá ọ jà. Tú u fún wa, a ó sì gbàgbé rẹ̀." Ojú rẹ̀ pọ́n, mo mọ̀ pé kò sùn. Ọ̀gá Issahaku, ọ̀gá ilé ìwé wa, dúró lẹ́yìn wọn, ó ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n tú nǹkan náà kíákíá kí àlàáfíà lè wà. Òwú lásán ni, Bàbá. Tí mo bá fa etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti tú.

Àánú bàbá yẹn ṣe mí, ọwọ́ mi ti ń lọ síbi agolo. Ìgbà náà ni mo ro ó délẹ̀, mo sì fa ọwọ́ mi padà. Mo ní, "Bàbá, bí mo bá tú u tí òjò rọ̀ lónìí, ẹ ó ní èmi ni mo so ó. Bí mo bá tú u tí kò rọ̀, ẹ ó ní òmíràn wà nílé mi. Mi ò ní tú u." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró kí Azara fi Ògiri Ọdún hàn wọ́n, kí ó ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é. Wọn kò dúró. Bàbá Mumuni wo agolo náà bí ẹni ń wo ejò, ó gbé ọ̀pá rẹ̀, wọ́n sì lọ. Bí wọ́n ṣe yọ sẹ́yìn ni Ọ̀gá Issahaku kọjú sí mi. Ohun tí ó sọ kò ṣeé kọ sínú lẹ́tà tí ìyá mi yóò gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Abdul-Ganiyu wá bá mi nílé pẹ̀lú àwọn àgbà wa méjì. Mo mọ̀ pé ojú ń pọ́n àwọn náà. Àwọn ènìyàn ti ń fo ìsọ̀ wa kọjá ní ọjà, wọ́n pòṣé sí Nímọ́tà tí ń ta àwo lójú gbogbo ayé. Bàbá Abdul-Ganiyu ní àlejò ni wá, àlejò kì í jiyàn. Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe. Mo bi wọ́n léèrè pé ta wá ni òṣìkà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣé Bàbá Mumuni tí ebi fẹ́ pa ni, àbí èmi? Mo ní ìlú tí wọ́n ti ri ìwọ́ mi mọ́lẹ̀, n kò mọ bí a ṣe ń ṣe àlejò níbẹ̀. Mo ní bí a bá tọrọ àforíjì fún òjò lónìí, wọn yóò pè wá fún eṣú lọ́la, wọn yóò pè wá fún ìgbóná lọ́tùn-únla, torí ẹni tí ó bá bẹ̀bẹ̀ nítorí òjò ti gbà pé òun ni ó ni òkè. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní agídí mi jọ tiyín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ̀wé sí yín.

Ọ̀gá Issahaku ní tirẹ̀ kò dúró de lẹ́tà kankan. Ó gba agolo náà lọ́wọ́ mi tòun ti òwú rẹ̀, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi àgádágodo tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìgbànú rẹ̀. Ó ya Ògiri Ọdún lulẹ̀ lójú àwọn ọmọ. Eruku tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí, ó rún un pọ̀ mọ́ abẹ̀bẹ̀ wọn, ó ní kí wọ́n lọ sun ún. Ó wá mú kí wọ́n fi ẹfun kun ògiri náà, torí pé àwọn aláyẹ̀wò ilé ìwé ń bọ̀ lóṣù Keje. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, síléètì àti ABD nìkan: kò sí àlùmọ́gàjí, kò sí ògì, kò sí aṣọ. Ó ní bí mo bá tún la ẹnu, òun yóò kọ̀wé kí wọ́n yọ mí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, Bàbá, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Azara wá dúró tì mí, ó bi mí bóyá nítorí òun ni. Mo ní, "Ohun tí o rí ni o sọ. Má ṣíwọ́ sísọ ọ́."

Ó ní kò sí àlùmọ́gàjí, kò sí ògì. Kò sọ pé kò sí ojú. Láràárọ̀ ni mo ń mú àwọn ọmọ lọ sójú fèrèsé, a ó wo òkè, wọn yóò ya ohun tí wọ́n rí sórí síléètì: oòrùn. Wọn yóò nù ún kúrò kí ọ̀gá tó kọjá. Lọ́jọ́ kejì, oòrùn náà ni. Àwọn àlùfáà kéde àdúrà òjò, gbogbo ìlú jáde lọ sí ibi ìrun yídì, èmi náà sì gbé ẹní mi lọ. Obìnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí ẹni tí mo jẹ́, ó sún ẹní rẹ̀ kúrò. Èmi náà sún tèmi tẹ̀lé e. Ó tún sún, mo tún sún. Nígbà tí àyè tán fún un láti sún sí, a jọ forí kanlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí ni òjò dé. Ọ̀gá Issahaku ti lọ ṣe ìpàdé àwọn ọ̀gá ilé ìwé ní Bolgatanga láti ọjọ́ Ajé, kọ́kọ́rọ́ sì wà ní ìgbànú rẹ̀. Ìṣirò ni a ń ṣe nígbà tí ilẹ̀kùn ṣàdédé gbá. Eruku pupa kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà òórùn ilẹ̀ tútù tí gbogbo ènìyàn mọ̀, lẹ́yìn náà òjò gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù títí n kò fi gbọ́ ohùn ara mi mọ́. Àwọn ọmọ kò tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Wọ́n bẹ́ jáde, n kò sì pè wọ́n padà. Wọ́n la ẹnu sókè, wọ́n fi páálí ṣọ́ọ̀kì gbe omi, àwọn kan jókòó sínú ẹrẹ̀ tòun ti yunifọ́ọ̀mù. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sọ pé Alihamdulilai.

Nígbà tí wọ́n wọlé, omi ń ro lára wọn, gbogbo wọn kọjú sí ògiri. Funfun báláú ni. Azara ní, "Tíṣà, a ò ní ẹ̀kán." Wọ́n wá kọjú sí mi. Mo lè sọ pé kí wọ́n yà á sórí síléètì, Bàbá, kí n sì jẹ́ ọmọ dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo ìbínú tí mo ti ń gbé mì láti ìgbà tí wọ́n ti ya iṣẹ́ àwọn ọmọ yìí, ó gbéra lójijì. Búlùú ìfọṣọ díẹ̀ ṣẹ́kù nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Mo pò ó mọ́ omi òjò tí wọ́n gbé wọlé, mo ti ìka mi bọ̀ ọ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹfun tuntun ọ̀gá. Mo ní ohun tí a bá rí ni a ń gbé sórí ògiri, ó sì ku tiwọn. Wọ́n tò wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìsá fẹ́ tẹ méjì, mo gbá a lọ́wọ́, òjò kan ni ó rọ̀.

A kò tíì parí nígbà tí Bàbá Mumuni yọ sí wa, ó fi àpò borí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ láti Gurugu. Ó ti kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì. Ó ti yọjú wo kọ́bọ́ọ̀dù láti ojú fèrèsé, ó rí àgádágodo níbi tí ó wà, olùṣọ́ ilé ìwé sì ti sọ fún un pé ọ̀gá àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní Bolgatanga. Ó bi mí pé, "Ta ni ó tú u?" Mo ní kò sí ẹni tí ó tú u. Ó dúró síbẹ̀, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Azara wá sọ ọ́ fún un ní Dagbani, èdè wọn, tí mo ti ń gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì bá ìbàdí, ó ní, "Bàbá, aṣọ ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi." Mo rò pé yóò gbá a létí. Bàbá náà sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì kékeré yẹn, ó ní kí ọmọ náà wá parí rẹ̀. Azara sì parí rẹ̀, láti àgékù aṣọ àwọn télọ̀ dórí Ìsá tí ń rán òjò létí. Bàbá náà gbọ́ ọ tán.

Ní ọjọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan tí gbogbo Sóńgò, àdúgbò àwa àlejò, wà níta, ó gbé gòrò wá sí ilé mi. Ẹni tí ó lè bí yín, Bàbá, ó dúró lójú gbogbo ènìyàn, ó ní òun ṣẹ̀ mí, òun fi ọ̀rọ̀ tí òun kò gbọ́ tán bà mí lórúkọ jẹ́. Mo gba gòrò náà, mo gé e, mo jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Nímọ́tà ní láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yà sí ìsọ̀ òun padà.

Ọ̀gá Issahaku dé lọ́jọ́bọ̀. Ó rí ògiri, ó di orí mú. Ó ní àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀, kí n fi ọwọ́ ara mi kun ún padà, kí n sì sọ fún òun pé mo jẹ̀bi, òun yóò gbàgbé gbogbo rẹ̀. Èwo tún ni ti gbàgbé? Gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ bá mi gbàgbé ohun tí n kò ṣe. Mo ní n kò ní kun ún. Mo ní bí ó bá wù wọ́n kí wọ́n kun ún, kí wọ́n wá kun ún lójú kíláàsì kìn-ín-ní, kí wọ́n sì sọ fún àwọn ọmọ pé òjò kò rọ̀. Garawa ẹfun àti búrọ́ọ̀ṣì ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi láti ìgbà náà. Mo ń dá a kọjá láàárọ̀, mo ń dá a kọjá lọ́sàn-án. Bí àwọn aláyẹ̀wò bá dé tí wọ́n ní kí n máa lọ, màá lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara mi ni yóò gbé mi, n kò ní fi orúnkún rìn.

Bàbá mi, ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Bàbá Mumuni kò bí mi. Jéró rẹ̀ kú, ebi ń bọ̀ wá bá ilé rẹ̀, ó sì gbà gbọ́ pé èmi ni mo fà á. Síbẹ̀ ó padà wá, ó jókòó, ó bèèrè. Ẹ̀yin tí ẹ bí mi, tí ẹ mọ̀ pé n kò lè di ẹnu àpò gààrí kí ó má tú, ẹ kò bèèrè. Ẹ tọrọ àforíjì, àwọn tí wọ́n ń ṣiyè méjì sì sọ pé bàbá mi ti bá mi jẹ́wọ́. N kò ní kí ẹ bẹ̀ mí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ẹ kọ lẹ́tà mìíràn sí Bàbá Abdul-Ganiyu, ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara yín, kí wọ́n kà á lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ bí wọ́n ti ka ti àkọ́kọ́, létí àwọn ènìyàn kan náà: pé Mọ̀múdù ní ọmọ òun kò so òjò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kà á, màá wà ní ìlà iwájú láàrin àwọn obìnrin. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ lásán.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Kí ilé yín tutù, kí oko yín so, kí ìyá mi má fi ikọ́ ka ọdún tuntun. Kí Ọlọ́run má fi ìtìjú kan ojú yín nítorí mi láéláé, ìtìjú tí ẹ sì rò pé mo ti kó bá yín yìí, kì í ṣe tiwa, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó ni ín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín tí kò jẹ̀bi, tí kò sì ní bẹ̀bẹ̀,

Wúlẹ̀mọ̀tù.

Mo tún rántí: Ọ̀gá Issahaku ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí pé kí n wá gba agolo mi. Mo ní kí wọ́n máa bá mi tọ́jú ẹ̀ tòun ti òwú ẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ wọn. Bí òjò bá tún dá, gbogbo Gurugu ti mọ ọ́fíìsì ẹni tí wọn yóò lọ.

W.